Káàdì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́

Ọdún ń lọ, ó tó kí n jókòó ṣírò ohun tí mo fi í ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ tí à ń fi gọ́ọ̀fù tọ́ sọ́nà. Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: bóyá la fi máa rí ọ̀kan nínú wọn tí yóò fi gbígbá bọ́ọ̀lù jẹun, ìyẹn kọ́ la sì bá lọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé wà níbẹ̀, èyí tí kò lè fìdí kalẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti sọ "òpùrọ́" di orúkọ fún náà wà níbẹ̀.

Káàdì tí à ń kọ iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù sí ló ṣe bẹbẹ lọ́dún yìí. Nínú gọ́ọ̀fù, rẹfirí kì í sáré tẹ̀ lé èèyàn kiri. Ìwọ lo máa ka iye ìgbà tí o gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì rẹ á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n ń tú àpò rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà wá dẹni tí à ń bi pé, "Mélòó lo gbá?", ohun tó bá sì sọ la máa kọ. Ẹ wo ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ńṣe ló máa ń wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì là ń bá sọ̀rọ̀.

Mo sọ ìtàn Bobby Jones, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, fún wọn. Nínú ìdíje U.S. Open ọdún 1925, bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì díẹ̀ nínú koríko. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn, tó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún iye òun, bẹ́ẹ̀ ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Òun àti Willie Macfarlane wá parí sí ọgbọọgba, wọ́n tún un gbá, Jones sì pàdánù. Ọmọbìnrin kan pòṣé: "Kóòṣì, òmùgọ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn." Mi ò bá a jiyàn. Títí di òní, kò tíì yí ohùn padà, àmọ́ kò fi ẹyọ kan bò nínú tirẹ̀ rí, kì í sì í jẹ́ kí tẹlòmíì sá lọ!

Ìṣirò náà gba ẹ̀yìn wọlé. Ọmọ tó kórìíra ìṣirò ti ń ro méjì lé sí páà (iye tó yẹ kéèyàn fi gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò) pọ̀ mọ́ ẹyọ kan dín, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kíláàsì lòún ń ṣe.

Ìrìn ni mo fẹ́ràn jù. Gbígbá bọ́ọ̀lù wọ ihò 18 tó wà lórí pápá lè gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú péré la sì fi ń ju ọ̀pá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ là ń fi ìyókù rìn. Ọmọ tí kì í dáhùn tí ẹ bá jókòó kojú síra, ẹ bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ á jáde.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró. Gọ́ọ̀fù ò lè san owó ilé ìwé, kò sì lè bọ́ ọmọ tí ebi ń pa. Chick Evans, agbá-gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà mìíràn, tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà gbé àpò ọ̀pá fáwọn olówó nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó lókìkí, ó fi owó tí gọ́ọ̀fù mú wá ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ sì wọ Yunifásítì Northwestern lọ́dún 1930.

Nítorí náà, lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní gba ọmọ púpọ̀. A máa tẹ̀ lé àwọn tó wà nílẹ̀ dé ilé ìwé wọn, ká mọ olùkọ́ wọn. A sì tún ń wá ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì: ọmọ kan wà tó ti ń fi tọlọ́wọ́ ọ̀tún jìyà látìgbà tó ti dé.