Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì kẹta láàárín ọdún kan

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Gbogbo ọjọ́ òní ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún píkọ́ọ̀pù wa ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí a bá ti kúrò lórí ọ̀dà tí a já sí ọ̀nà oko. Mo ń tan ara mi pé iṣu tí mo kó ló wúwo. Mo kúkú mọ ìró yẹn dáadáa.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ọ̀gá ki irin gbọọrọ kan bọ abẹ́ táyà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sókè. Táyà ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká.

"Ìyá Ìbejì, ẹ wá fojú yín rí i. Èyí ò lè gbé yín dé Mọ́níyà."

Nígbà tí wọ́n tú u tán, ọmọ iṣẹ́ gbé bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ìsàlẹ̀ náà, oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, lé mi lọ́wọ́. Rọ́bà tó bò ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó ya kò ju ibi tí èékánná lè wọ̀ lọ. Ibẹ̀ lomi àti eruku gbà wọlé. Gíríìsì inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa, àwọ̀ erùpẹ̀ ọ̀nà oko wa gẹ́lẹ́. Mo fi ìka méjì mi orí rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri nínú ihò. Tuntun ni mo rà á o, nínú páálí, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin!

Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ rà á ní tòkúnbọ̀ lọ́dún 2009, ọdún 2021 la tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọkọ̀ ti gbó, kí n tà á. Wọn ò wo ohun tó ń kú lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò yọ mí lẹ́nu, gíá ń wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tí a rà lẹ́yìn ló ń bàjẹ́, èyí tí a kò fọwọ́ kàn ṣì wà níbẹ̀. Ti rédíétọ̀ nìkan ni ẹjọ́ tiwa: a gbà kí wọ́n yọ tàmósítáàtì tó ń ṣàkóso ooru ẹ́ńjìnnì dànù, a ń bu omi kànga sí i, títí ìpẹtà fi dí i pa.

Bí fánbẹ́lì bá já, ọkọ̀ á gbóná, a ó sì dúró. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ bá yọ lórí eré, táyà á ṣubú sábẹ́ ọkọ̀, sítíárìn ò ní gbọ́ tẹni mọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá mẹ́ta ló máa ń bá mi dé Bódìjà, tí wọ́n á jókòó lórí iṣu lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wọn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọ̀gá ní kí n wá ojúlówó tòkúnbọ̀, kí àwọn fi rọ́bà tuntun bò ó. Mo ní rárá. Mi ò mọ iye kòtò tó ti kó sí níbi tó ti ń bọ̀. Ojúlówó tuntun ni mo fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí náírà ti já lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó ọgbọ̀n iṣu ni wọ́n ń pè é fún mi báyìí.

Mo ti ránṣẹ́ sóko pé kí wọ́n má tíì wa iṣu. Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ èrò láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn. Èyí tó bàjẹ́ ti wà nínú báàgì mi, mo fi ọ̀rá wé e. Màá gbé e kalẹ̀ níwájú ẹni tó tà á fún mi, kí n tó na kọ́bọ̀ kankan.