Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ Yín Fọwọ́ Sí

Bí ọmọ yín bá wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó má dé kóòtù ológun rárá títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Article 15 ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Òun ni apá òfin tó fún kọmáńdà láṣẹ láti fìyà jẹ sọ́jà fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké láìsí adájọ́: ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni tó gbó sájẹ́ńtì lẹ́nu, ẹni tó mutí nígbà tí kò yẹ. Àwọn Navy ń pè é ní Captain's Mast, àwọn Marine ń pè é ní office hours, òfin kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Ọ́fíìsì òfin ni mo ti ṣiṣẹ́ nínú Army kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kì í ṣe lọ́yà. Àwa là ń tẹ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ ẹjọ́ Article 15 sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DA 2627, àwa là ń gbé e lọ fún kọmáńdà, àwa náà là ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ gbogbo àyípadà tó bá dé bá òfin yìí sílẹ̀. Ìlànà Army lórí rẹ̀, AR 27-10, mo ní ti May 2016, mo ní ti November 2020, mo sì ti fi bírò fàlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ẹjọ́ kóòtù a máa jáde nínú ìwé ìròyìn. Article 15, ọ́fíìsì kọmáńdà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Ohun tí sájẹ́ńtì bá ti sọ fún ọmọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn lọmọ náà máa gbà, bí òfin bá tiẹ̀ ti yí padà kí wọ́n tó bí i.

Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn sọ́jà Nàìjíríà tó lọ sí ogun Bọ́mà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dáwọ́ ẹgba dúró lára sọ́jà tiwọn láti 1881. Ní ti àwọn sọ́jà dúdú tí wọ́n kó jọ ní Áfíríkà, ogun parí, ó di 1946, kí wọ́n tó gbé ẹgba kúrò lára wọn. Mi ò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "ìyà kékeré ni" kí n má rántí èyí.

Ní Amẹ́ríkà, 1850 ni wọ́n ti fòfin de ẹgba nínú ọkọ̀ Navy. Àyípadà tó kan àwọn ọmọ wa jù lónìí ni ti 1962. Nígbà tí òfin ológun tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, agbára kọmáńdà lábẹ́ Article 15 kò tó nǹkan, kóòtù ológun ni wọ́n sì ń kó ẹlẹ́ṣẹ̀ kéékèèké lọ. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi níbẹ̀, orúkọ ọ̀daràn á bá a délé. Ní September 1962, Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí òfin tó fi kún agbára kọmáńdà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 1963. Iye owó tí wọ́n lè gé pọ̀ sí i, ọjọ́ ìyà náà gùn sí i. Ohun tí sọ́jà rí gbà padà ni ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Army àti Air Force ti ń gbà á láyè tẹ́lẹ̀ nínú ìlànà tiwọn, ṣùgbọ́n òfin 1962 ló sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè ní òun ò fẹ́ kí kọmáńdà dá ẹjọ́ òun, kí wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù.

Ẹ má fojú kéré ohun tó wà lọ́wọ́ kọmáńdà. Bí Captain bá dá ẹjọ́ sọ́jà tí kò tíì di sájẹ́ńtì, ó lè gé owó ọjọ́ 7, ó lè fún un ní iṣẹ́ àṣekún ọjọ́ 14, ó lè ní kó má kúrò ní àyíká bárékè fún ọjọ́ 14, ó sì lè já a sí ipò kan lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ Major tàbí ẹni tó jù ú lọ, ìdajì owó oṣù fún oṣù 2, iṣẹ́ àṣekún ọjọ́ 45, ó sì lè já a dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù mọ ohun tí ìdajì owó oṣù jẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn kan tí kò tíì pẹ́ níṣẹ́ pè mí lálẹ́ láti bárékè. "Ẹ kú alẹ́, mà. Àǹtí, wọ́n ní kí n dá ìwé kan padà lọ́la, kí n ti fọwọ́ sí i. Sájẹ́ńtì ní tí n bá ti fọwọ́ sí i, ó tán."

Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kò sí níbi tí wọ́n ti ń to ìlà láàárọ̀. Mo bi í pé níbo ló wà.

"Sájẹ́ńtì mìíràn ló rán mi lọ síbi tí wọ́n ń tún mọ́tò ṣe, mà. Ó wà lórí fóònù mi."

"Ṣé o sọ fún kọmáńdà?"

"Rárá, mà. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá àgbà jiyàn."

Ilé la ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá a wí fún un. Mo kàn ní kó lọ síbi tí àwọn àpótí kéékèèké wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n bi í níbẹ̀ bóyá kóòtù ló fẹ́. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn ẹlòmíì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ náà, bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀, bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ló ní kó fèsì. Mo sì sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: gbígbà pé kí kọmáńdà gbọ́ ẹjọ́ rẹ yàtọ̀ sí gbígbà pé o jẹ̀bi. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà nìkan lo yàn. Nínú Army, ó ṣì gbọ́dọ̀ dá kọmáńdà lójú láìsí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kó tó lè ní o jẹ̀bi.

Wákàtí 48 ni Army sábà máa ń fún sọ́jà láti ronú kó sì rí lọ́yà, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́yà Trial Defense Service, ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tó ń gbèjà sọ́jà, kò sí lábẹ́ kọmáńdà náà. Ìdájọ́ Booker, tí kóòtù gíga àwọn ológun ṣe ní 1977, wà lẹ́yìn èyí: bí wọn ò bá sọ fún sọ́jà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, wọn ò lè gbé àkọsílẹ̀ ìyà náà dìde sí i ní kóòtù ológun lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ náà lọ rí lọ́yà láàárọ̀. Ó fi ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ han kọmáńdà, kọmáńdà kà á, ó ní kò jẹ̀bi. Ká ní ó ti jẹ̀bi ni, ọjọ́ 5 ló ní láti pẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ga ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń kó ìwé jọ fún, ẹ wo ìròyìn tí GAO, ọ́fíìsì tó ń bá Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé jáde ní May 2019. Wọ́n rí i pé nínú Air Force àti Marine, irú ìyà yìí ń bá àwọn dúdú ju àwọn funfun lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Army, àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò pé tó láti fi mọ bó ṣe rí. Ó dùn mí dé eegun. A tẹ àwọn fọ́ọ̀mù yẹn, a tọ́jú wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n pọ̀ kó sọ ẹni tí ìyà náà ń jẹ.

Òfin tó tún Article 15 ṣe kẹ́yìn tí inú mi dùn sí ni ti 2016, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2019. Kí ó tó dé, kọmáńdà ọkọ̀ ojú omi lè ti ọmọ ogun tí ipò rẹ̀ kéré mọ́lé fún ọjọ́ 3, búrẹ́dì àti omi nìkan ni wọn óò máa fún un. Ní 2017, ìròyìn jáde nípa ọkọ̀ USS Shiloh ní Yokosuka, tí ìyà yìí pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà sọ ọ́ ní USS Bread and Water. Òfin tuntun pa ìyẹn rẹ́.

Ohun tí òfin 2016 náà kò fọwọ́ kàn ni àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 1962: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tàbí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ Article 15 kó béèrè kóòtù. Ó yé mi tí ọkọ̀ bá wà láàárín òkun. Tí ọkọ̀ bá wà ní èbúté tí wọ́n ń tún un ṣe, tí ọmọ náà ń sùn sílé, tí ọ́fíìsì lọ́yà kò jìnnà sí i, mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kéré sí ti ọmọ Ìbàdàn tó wà nínú Army. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nínú Navy, tẹ́ ẹ sì ń dìbò ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín lórí èyí. Orúkọ rẹ̀ ni vessel exception. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn óò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.