Láti Houston dé Dallas pẹ̀lú Ìyá Mi: Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn-àjò Wákàtí Mẹ́rin Lórí I-45

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ sí Richardson, ìlú kan tí ó fara ti Dallas, inú ọkọ̀ òfuurufú ni Ìyá wa wà, tí wọ́n ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ mi ní Houston ni wọ́n kọ́kọ́ balẹ̀ sí, nítorí èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gúnlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ni ìsọmọlórúkọ. Ọwọ́ mi ni ó wá kù sí láti gbé wọn dé ibi tí iṣẹ́ tí wọ́n bá wá wà, èyíinì ni wíwẹ ọmọ àti títọ́jú ìyá ọmọ.

Àwọn ará Texas a máa sọ̀rọ̀ nípa Houston sí Dallas bí ẹni pé ọjà àdúgbò ni ènìyàn fẹ́ lọ ná. Nǹkan bí 240 máìlì ni, èyí tí ó tó kìlómítà 385, ó sì jìn ju Èkó sí Ìlọrin lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọkọ̀ gba ọ̀nà náà, ní ọdún méjì ṣáájú èyí, ọ̀rọ̀ wọn ni mo tẹ̀lé. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ń lọ sí ìgbéyàwó ẹbí kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a kúrò nílé, lẹ́yìn iṣẹ́ àti ilé-ìwé, mo sì rò pé nígbà tí aago mẹ́jọ bá fi lù, a ó ti máa jẹun ní Dallas. Wákàtí méjì gbáko ni a fi rin 40 máìlì láti àárín Houston dé Conroe, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Àwọn ọmọ sunkún títí oorun fi gbé wọn lọ. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí láàárín igbó, epo ń tán lọ, n kò mọ iye máìlì tí ó kù kí a tó kan ilé epo, ìyàwó mi kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọjá aago mẹ́wàá kí a tó débẹ̀. Ọkọ̀ kò bàjẹ́, jàǹbá kankan kò ṣẹlẹ̀. Wákàtí tí a fi ilé sílẹ̀ nìkan ni ó sọ wá dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé aago ni a fi ń wọn ìrìn-àjò yìí ju máìlì lọ, àti pé àárín ọ̀nà kọ́ ni wàhálà rẹ̀ wà bí kò ṣe ẹnu ibodè méjèèjì, ti Houston tí a ń jáde àti ti Dallas tí a ń wọ̀.

Ọ̀nà tí mo ń wí ni òpópónà márosẹ̀ Interstate 45, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní I-45. Orúkọ náà túmọ̀ sí ọ̀nà tí ó so ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ I-45 kò jáde kúrò ní Texas rárá. Galveston létí òkun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú Houston kọjá, ó sì parí sí àárín Dallas lẹ́yìn nǹkan bí 284 máìlì. Nítorí pé wọ́n kà á mọ́ ètò òpópónà àpapọ̀ tí òfin ọdún 1956 gbé kalẹ̀ nígbà ìjọba Ààrẹ Eisenhower ni ó fi ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Nọ́ńbà ara ọ̀nà náà wúlò ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Gbogbo ibi tí a ti ń yà kúrò lórí márosẹ̀, tí à ń pè ní exit, ni ó ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ni iye máìlì tí ibẹ̀ fi jìnnà sí Galveston. Àárín Houston wà ní nǹkan bí máìlì 47, Huntsville ní 116, Madisonville ní 142, Corsicana ní nǹkan bí 230, Ennis ní 251. Ẹni tí ó bá dé exit 142 tí ó sì rántí pé 284 ni òpin ọ̀nà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé 142 máìlì ni ó kù. Mo kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sórí bébà pélébé kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ibi tí mo jókòó sí, nítorí pé nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, ibì kan wà lẹ́yìn Madisonville tí fóònù mi kò ti mú nẹ́tíwọ̀kì mọ́, n kò sì mọ ibi tí mo wà.

Mo ronú nípa ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé nǹkan bí wákàtí kan péré ni yóò fi gbé ènìyàn dé Dallas. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò la òkun kọjá kò tún gbọdọ̀ máa tò ní pápákọ̀ òfuurufú láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹrù wọn náà kò sì kéré: ẹ̀lùbọ́, òrí, ọṣẹ dúdú, àdìrẹ tí wọ́n rà fún ọmọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé èrò tààrà láàárín ìlú méjèèjì kò sí. Ọkọ̀ mi ni ó kù.

Láti ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo bi ara mi pé aago mélòó ni mo fẹ́ wọ Dallas, mo sì dáhùn pé kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Mo yọ wákàtí mẹ́rin fún ọ̀nà, mo yọ wákàtí kan àti ààbọ̀ fún ìdúró, ó kù aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ láti jáde ní Houston, nígbà tí àwọn tí ń sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́ ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo sì yan Ọjọ́bọ̀ dípò ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ìsinmi kan ni mo gbà ní ibi iṣẹ́ fún èyí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Láti Houston dé Spring, ìlú kan ní àríwá Houston, mo gba Hardy, ojú ọ̀nà tí a ń sanwó fún tí ó bá I-45 rìn ní ẹ̀gbẹ́ títí tí ó fi padà dà pọ̀ mọ́ ọn. EZ TAG ti Houston, táàgì tí a fi ń san owó ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí ó wà lára gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi, ń ṣiṣẹ́ ní Dallas pẹ̀lú, nítorí náà mo rí i pé owó wà nínú rẹ̀ kí a tó gbéra.

Ní ti ọkọ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Texas kò ti béèrè àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún lọ́wọ́ onímọ́tò aládàáni mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní àwọn káńtì (agbègbè ìjọba ìbílẹ̀) ńlá bíi ti Houston àti ti Dallas. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí yóò wo táyà rẹ bí kò ṣe ìwọ fúnra rẹ. Òwúrọ̀ kùtù ni mo wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí oòrùn àti eré tó mú wọn gbóná, mo sì wọn ti àfikún tí ó wà nínú bùútù, nítorí àìmọye ènìyàn ni ó ń gbé táyà àfikún tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ kiri.

Epo kì í lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ lójú ọ̀nà yìí fún mi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, nígbà tí ìjì líle Rita ń bọ̀, àwọn ará Houston àti agbègbè rẹ̀ sá lọ́pọ̀ yanturu gba I-45 yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni epo tán nínú wọn lójú ọ̀nà nínú ooru, bọ́ọ̀sì kan tí ó gbé àwọn arúgbó sì gbiná ní tòsí Dallas, tí àwọn 23 kú. N kì í wa ọkọ̀ kọjá Wilmer, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí n má rántí wọn. Oṣù kẹrin ni tiwa bọ́ sí, ìgbà yìnyín àti àrá ní àríwá Texas. Mo wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Houston, ti Corsicana àti ti Dallas lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí oòrùn lè máa ràn ní ibì kan kí ibòmíràn ṣókùnkùn.

Ìyá mi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ìdúró. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó máa ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ léraléra, ẹsẹ̀ wọn sì ti wú láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà a máa gba arìnrìn-àjò níyànjú pé kí ó máa dìde rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Mo fi ìdúró mẹ́ta sí ètò: Huntsville, Madisonville àti Corsicana. Oògùn wọn wà nínú àpò ọwọ́ wọn, kì í ṣe nínú bùútù. Mọ́ínmọ́ín agolo, ẹja díndín àti omi wà nínú kúlà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Bí ọlọ́pàá bá tan iná sí ọ lẹ́yìn, yà sí apá ọ̀tún ní ibi tí ó láàbò, pa ọkọ̀, sọ gíláàsì kalẹ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀, kí o sì dúró síbẹ̀. Má ṣe sọ̀kalẹ̀. Ní ilé, ọ̀wọ̀ ni kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Níbí, ìbẹ̀rù ni ó ń dá sílẹ̀, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá sì lè gba ẹ̀mí. Sọ fún un kí o tó na ọwọ́ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ìbánigbófò. Má ṣe mẹ́nu ba owó rárá, ẹ̀sùn ńlá ni. Bí o bá sì rí ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ti pàjáwìrì tí ó dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú iná títàn, òfin Texas sọ pé kí o fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ láàárín yín, tàbí kí o dín eré kù ní 20 máìlì sí iye tí wọ́n gbà láyè. Ìta ìlú gba máìlì 75 ní wákàtí kan. Ojú ọ̀nà apá òsì wà fún ẹni tí ó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀, àwọn tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà tọ̀sán-tòru.

A gbéra ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láàárín wákàtí kan, a ti kọjá Conroe. Igi páìnì dúró gbọnrangandan ní ọ̀tún àti ní òsì, Ìyá mi sì ní ó jọ pé ọ̀nà oko ọba ni. Kí a tó wọ Huntsville, wọ́n rí ère funfun kan tí ó yọ sókè ju igi lọ.

“Ọkọ mi, ta ni baba yẹn?”

“Sam Houston ni, Màámi. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú tí à ń gbé.”

Mo yà síbẹ̀ kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Ère náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 67 láìka ibi tí ó dúró lé. Ààrẹ ni ọkùnrin náà nígbà tí Texas ṣì dá dúró bí orílẹ̀-èdè, Huntsville yìí ni ó sì kú sí ní ọdún 1863. Ìyá mi rọra yí ère náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Madisonville, ilé epo ńlá Buc-ee's, tí kì í gba tírélà wọlé, ni mo ti kún táǹkì. Ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ mọ́, ìdí pàtàkì tí mo fi yàn án nìyẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀ igi bẹ̀rẹ̀ sí í tán, pápá màlúù gbilẹ̀ lọ salalu.

“Ṣé a ò tíì jáde ní Texas ni?”

“Texas ni a ó sùn sí, Màámi.”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé Texas nìkan tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé ọ̀nà wo ni àbúrò mi máa ń gbà tí àárò mi bá ń sọ ọ́. Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Láti ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti lọ wò ó.

Ní àyíká Ennis, òdòdó bluebonnet tẹ́ bí aṣọ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo pe àbúrò mi láti ibi tí mo dúró sí pé ó kù díẹ̀ kí a dé. Ní àárín Dallas, I-45 yí orúkọ padà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ó di US 75 láìyà sí ibì kankan, ẹni tí kò bá sì mọ̀ lè rò pé òun ti ṣìnà. Mo ti kọ ìyẹn náà sórí bébà mi. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni a dúró níwájú ilé ní Richardson. Ìyá mi fọ ọwọ́, wọ́n gba ọmọ, wọ́n sì béèrè bóyá omi gbígbóná wà.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ará ilé ní kí n jẹun kí n sì máa padà lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ọ̀nà á dá. Mo kọ̀. Ẹni tí ó ti dúró láti òwúrọ̀ tí ó sì jẹ àmàlà yó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀ ní òru, lójú ọ̀nà tí àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó máa ń sọdá. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo gbéra, aago méjì kọjá ni mo dé ilé. Oṣù mẹ́ta ni Ìyá mi yóò lò níbẹ̀, mo sì ti kọ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan sílẹ̀ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, aago méje òwúrọ̀, láti lọ kí wọn.