Ta ni ń jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Mo ti kọ ìwé mínúùtì mẹ́ta kún. Gbólóhùn kan wà nínú ìkejì tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí dòní.

Màmá kan nínú ìjọ wa, tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba, yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lásìkò òjò, ọrùn ẹsẹ̀ wọn sì kán. Wọ́n mẹ́nu bà á nípàdé. Àánú ṣe wá, a gbàdúrà, alága ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì á lọ bẹ Màmá wò." Ẹnì kan ṣe àmín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Ṣọ́ọ̀ṣì yóò bẹ Màmá wò. Ó di orí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò.

Òrùlé gbà wá tó wákàtí kan. Ta ni yóò lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta páànù? A dárúkọ ẹni. Ọjọ́ wo ni káfíńtà ń bọ̀? A mú ọjọ́. Ta ni yóò dúró tì í kí ìṣó má baà rìn lọ? (Ẹ má bínú, ojú wa ti rí i rí.) A dárúkọ ìyẹn náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo pàdé ọmọ-ọmọ Màmá ní Old Garage. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín ti kó kúrò níbi tó wà ni?" Mo ní rárá o, ibẹ̀ la wà, àní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé tuntun ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo ti gun ọ̀kadà, a ti rìn díẹ̀, kó tó yé mi pé èébú ni ọmọ náà fi ìkíni wé fún mi.

Mo tọpa ọ̀rọ̀ náà. Pásítọ̀ rò pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń retí kí pásítọ̀ kọ́kọ́ lọ ná. Èmi ní tèmi, mo rò pé ohun tó bá ti wọ inú ìwé ti di ṣíṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó kọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì la rán níṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ò sì ní ẹsẹ̀.

Àwa mẹ́ta la lọ nígbẹ̀yìn. Alhaja tó ń gbé yàrá kejì la bá lójúde, tó ń sá aṣọ Màmá. Òun ló ti ń pọnmi, òun ló ń bá wọn lọ sí ọsibítù. Màmá ò bú wa. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni, "Òrùlé ńkọ́? Ṣé kò jò mọ́?" Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n ti dá sí i kí wọ́n tó ṣubú. N ò ríbi gbójú sí.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Tí èrò ọkọ̀ bá ké sí awakọ̀ pé "Ṣọ́ọ̀ṣì wà o!", ilé ló ń wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì ti parí, ẹ wá jẹun": ìsìn ni. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?": wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Àgùdà ni yín, tàbí Onítẹ̀bọmi, tàbí Sẹ́lẹ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká dá ẹgbẹ̀rún méjì-méjì": ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èèyàn mẹ́rin tó jókòó sínú ọ́fíìsì ni. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àfi tí ẹnu bá sọ ọ̀kan tí etí sì gbọ́ òmíràn.

Bíbélì wa kò kó ara rẹ̀ sí irú wàhálà yìí. Nínú Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, "ìjọ" là ń bá pàdé. Ẹ gbọ́ "jọ" nínú rẹ̀: a jọ wà, a jọ jẹ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún, ekklesia, àpéjọ àwọn èèyàn ló túmọ̀ sí, kò tilẹ̀ fi dandan jẹ́ ti ẹ̀sìn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún èrò tó ń pariwo ní Éfésù, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi péjọ. Mo ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀. "Church" tí àwa sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn ló ti wá, tó túmọ̀ sí "ti Olúwa".

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè, ó kí ìjọ tó wà nínú ilé Nímfà. Kò kí páànù. Nítòsí wa níbí náà, ní Òkè Ooyè ní Iléṣà, èrò ti rọ́ tọ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ ní 1930, kí orúkọ Christ Apostolic Church tó dáyé rárá. N ò kẹ́gàn ilé o. Ẹni tí òjò bá pa láàárín ìwàásù ló mọ iyì òrùlé.

Ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ̀wé ni pé kó má fi "ṣọ́ọ̀ṣì" ṣáájú iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Orúkọ èèyàn ni kó kọ, kó kọ ọjọ́ tì í.

Tí ẹnì kan bá sì sọ pé "ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ mí", ẹ má tíì ṣí Hébérù 10:25 fún un, ẹsẹ tó ní ká má kọ ìpéjọpọ̀ wa sílẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni. Ọmọbìnrin akọrin kan ní òun ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Nígbà tí mo bèèrè dé ìdí rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló jágbe mọ́ ọn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí aṣọ. Ẹni náà bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì padà, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí báyìí. Kò kọrin mọ́.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ròyìn nípàdé pé ọ̀kadà gbá ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan lọ́nà Òkè-Fìà. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ṣọ́ọ̀ṣì á...", ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo ti gbé báírò sókè. Bàbá kan lẹ́yìn ní, "Akọ̀wé, kọ orúkọ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti ṣíwọ́. Kí Ìyá Ìbejì bá mi lọ." Ìyá Ìbejì ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò rọ òun lọ́rùn. A sún un sí Ọjọ́bọ̀.