Kí àbúrò mi tó mú kọ́ọ̀sì

Lánàá, àbúrò mi gbé fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ màmá wa ní Ìtòkú. Orí òkìtì àdìrẹ ẹlẹ́kọ la tẹ́ ẹ sí. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ló wà, ọdún kejì, ó sì fẹ́ ka másítà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó rọrùn nìkan ló mú. Mo ní kó yọ ọ̀kan, kó fi sìtátísíìsì, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi ìṣirò tú àkọsílẹ̀, sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó le jù!"

Mo mọ̀. Èmi náà sá fún un. Nígbà tí mo dé ìdí másítà, tí mo kó àkọsílẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ síwájú, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Máàkì ṣe pàtàkì o, láti 3.50 nínú 5.00 ni second class upper, ìpele èsì dìgírì tó tẹ̀lé first class, ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbani wọlé fún másítà á tún béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìsinsìnyí ni kó ti lọ máa kí wọn, kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ó dákẹ́, ó ń fi ìka tọ ilà àdìrẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún òun ní bírò.