Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń gbóná: ẹ má tíì ra rẹdiétọ̀ o

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo sọ ara mi di mùgọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì mi ti dàgbà, ó wà lára àwọn tí ẹ́ńjìnì wọn wà lábẹ́ àga iwájú, tó jẹ́ pé téèyàn bá fẹ́ wo ẹ́ńjìnì, àga ló máa gbé sókè, ooru á sì gbá a lójú bíi ti ààrò. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo pààrọ̀ tẹmósítáàtì, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń ṣí kí omi gbígbóná lè lọ sí rẹdiétọ̀, ó tún gbóná. Mo ra rẹdiétọ̀ tuntun, ìyẹn ibi tí omi ẹ́ńjìnì ti ń tutù, owó gidi nìyẹn o, ó ṣì ń gbóná, mo wá ń rò ó pé àbí wọ́n ń ṣe mí ni. Ohun tó ń dà á láàmú ò ju rọ́bà kan lọ, màá padà débẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi ni pé ìgbà wo gan-an ló máa ń gbóná? Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ló ti ń gbóná, tẹ́ ẹ bá wá sáré díẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gééjì tó ń fi ìgbóná hàn sọ̀ kalẹ̀, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá fáànù ṣiṣẹ́, tó bá dúró fáànù nìkan ló kù. Tí tiyín bá jẹ́ fáànù tí bẹ́ẹ̀tì ń yí tó ní kílọ́ọ̀ṣì (òun ló ń di fáànù mú kó yí dáadáa tí ẹ́ńjìnì bá gbóná), ẹ pa ẹ́ńjìnì nígbà tó ṣì gbóná, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i. Ó yẹ kó le díẹ̀. Tó bá ń yí fìrìfìrì bíi òkòtó, kílọ́ọ̀ṣì ti lọ. Fáànù oníná ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ sí ìyẹn rárá, ó lè dédé yí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa mọ́tò. Ẹ wò ó bóyá ike ńlá tó yí fáànù ká ṣì wà níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ dànù torí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, tí ò bá sì sí mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni fáànù á máa fa atẹ́gùn gbà dípò kó fà á gba inú rẹdiétọ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ eré tàbí òkè ló ń mú un gbóná, omi ni ò rìn dáadáa. Ó lè jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù omi, ó lè jẹ́ rẹdiétọ̀ tó ti dí lóòótọ́, pàápàá tó bá ti pẹ́ tó jẹ́ omi lásán lẹ ń bù sí i láìsí kúláǹtì tí kì í jẹ́ kí inú ẹ̀ pẹtà, ìpẹtà á ti dí inú ẹ̀ pa. Àwọn tẹmómítà tí wọ́n máa ń nà bí ìbọn yẹn wúlò níbí, ibi tó bá tutù láàárín rẹdiétọ̀ tó gbóná, omi ò kọjá níbẹ̀ nìyẹn. Tẹmósítáàtì tiẹ̀ rọrùn jù, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná kẹ́ ẹ máa wò ó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 90 digírì, tí omi bá hó tí ò ṣí, ó ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ká kúkú yọ ọ́ dànù, mi ò bá yín lọ síbẹ̀ o, torí nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, apá kan omi gbígbóná á kàn máa yípo nínú ẹ́ńjìnì láì dé rẹdiétọ̀ rárá.

Ọmọrí rẹdiétọ̀ náà kì í ṣe ìdérí lásán. Omi máa ń hó ní 100, ṣùgbọ́n tí ọmọrí bá dì í mú dé ìfúnpá nǹkan bíi 15 psi, ó di bíi 120 kó tó hó. Tí rọ́bà abẹ́ ẹ̀ bá ti gbó, omi á máa hó kí àsìkò ẹ̀ tó tó, á sì máa dà síta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná, omi yẹn á fò síni lójú ni.

Bọ́ọ̀sì tún ní wàhálà tiẹ̀, páìpù ẹ̀ máa ń gùn. Àwọn kan ní hítà lẹ́yìn, bọ́ọ̀sì Volkswagen T3 tó jẹ́ omi ló ń tu ẹ́ńjìnì ẹ̀ sì rèé, ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, rẹdiétọ̀ níwájú pátápátá. Atẹ́gùn máa ń há sínú irú páìpù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi sí i, ẹ ní láti tan hítà sí gbígbóná kẹ́ ẹ sì tú atẹ́gùn náà jáde. Ẹ ṣọ́ra fún gééjì o, tí omi bá ti gbẹ níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà, abẹ́rẹ́ lè ṣàdédé wálẹ̀, ẹ̀yin á máa yọ̀ pé ó ti tutù, ẹ́ńjìnì ń jóná lọ.

Tí omi bá ń dínkù láìjò síbì kankan, tí èéfín funfun ń tú lẹ́yìn, tàbí tí họ́òsì le gbagidi kí ẹ́ńjìnì tó gbóná rárá, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì nìyẹn, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara ẹ̀, ẹ má wà á mọ́.

Tèmi wá ńkọ́? Lọ́jọ́ kan mo fi òkúta dí táyà, mo ní kí àbúrò mi jókòó kó máa tẹná, èmi dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò sí nǹkan kan. Mo ní kó tẹná mọ́ ọn dáadáa, họ́òsì ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀ bá rún wọnú pẹlẹbẹ níṣojú mi, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí ò léyín mọ́, àbúrò mi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, họ́òsì tún wú padà. Pọ́ọ̀ǹpù ló ń fà á mọ́ra. Nígbà tá a tú u, sípíríǹgì tó yẹ kó gbé e dúró nínú ti jẹ tán, ìpẹtà pupa ló kù. Abájọ tí kò fi ń gbóná àfi tá a bá ń gun òkè.

Họ́òsì tuntun la fi sí i, kò gbóná mọ́ látìgbà náà. Rẹdiétọ̀ tí mo yọ ṣì wà lẹ́yìn ilé, kò sóhun tó ṣe é.