Búrọ́ọ̀ṣì Olówó Pọ́ọ́kú fún Gíléèsì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Kọ́ọ̀bù amọ̀ méjìlá ni oníbàárà kan ní kí n ṣe fún òun, ó fẹ́ fi ta ọmọ rẹ̀ tó ń ṣègbéyàwó lọ́rẹ. Nígbà tí mo ṣí ìléru tí mo kó wọn síta, àyà mi já. Ara wọn rí bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá: ipa irun búrọ́ọ̀ṣì hàn lára wọn láti òkè délẹ̀, gíléèsì, èròjà olómi tí a ń kùn sára amọ̀ tí iná á sọ di dídán bíi gíláàsì, nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn débi pé amọ̀ ń yọjú. Amọ̀ mi kò ní àbùkù. Gíléèsì náà kò ní, torí èyí tí mo rì bọ inú ike gíléèsì kan náà jáde, ó ń dán yinrin. Búrọ́ọ̀ṣì ló bà á jẹ́. Mo tún méjìlá mìíràn mọ, owó ara mi ni mo sì fi sun wọ́n.

Èyí tí mo lò ni irú tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ iléèwé, tí irun rẹ̀ le gan-an. Ìkòkò tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí ìwọ̀n 1000 Sẹ́ńtígíréètì, ń mu omi bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọwọ́ yín tó kúrò lára rẹ̀, ó ti fa omi inú gíléèsì mu, ìyókù ti gbẹ mọ́ ọn lára. Kò dà bí ọ̀dà ilé tó máa ń tẹ́jú fúnra rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí kò gbé omi púpọ̀ á ti gbẹ kó tó dé ìdajì kọ́ọ̀bù, bí irun rẹ̀ bá sì le, bí ẹ ti ń kùn ún lẹ́ẹ̀kejì ló ń họ ti àkọ́kọ́ kúrò.

Ohun tí mo ń wò báyìí kò ju méjì lọ: ṣé ó gbé omi púpọ̀, ṣé ó sì ń tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́? Onírun ewúrẹ́, pẹlẹbẹ, tó fẹ̀, ló ṣe méjèèjì dáadáa jù. Hake ni wọ́n ń pè é ní Jàpáánì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, Èkó ni wọ́n ti bá mi rà á, òun nìkan sì ni mo náwó gidi lé lórí.

Àwọn yòókù, Ọjà Titun ni mo ti rí wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni búrọ́ọ̀ṣì àtíkè, èyí ńlá tó múlọ́ tí àwọn obìnrin fi ń tọ́jú ojú. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta owó ti ewúrẹ́ yẹn, ó sì ń gbé gíléèsì bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fa irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí irun bá ń bá ọwọ́ yín bọ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan, ẹ fi omi rẹ̀ dán an wò. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn sọ fún mi pé, “Bó o bá ti fi omi kàn án, o ti rà á nìyẹn.” Mo ní, “Mo gbà, mà.” Ọ̀kan ni mo ń fi dánwò, bó bá dára, mo á ra mẹ́rin.

Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ilé kò yẹ kọ́ọ̀bù. Irun rẹ̀ ń já, iná á jó irun náà dànù, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ á kù lára gíléèsì. Mo fi tèmi sílẹ̀ fún fífi ìda kun ìdí ìkòkò kí gíléèsì má baà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, torí ìda máa ń ba búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ pátápátá.

Ní ti ọnà yíyà, ẹ má tíì náwó. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya ọnà sára aṣọ. Mo ti fi ẹnu ìyẹ́ ya ilà tín-ín-rín sára àwo, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya èyí tó fẹ̀. Ìyá amọ̀kòkò kan ní Ìpetumodù wo búrọ́ọ̀ṣì mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣùkù àgbàdo ni àwa fi ń ṣe tiwa.” Wọn kì í lo gíléèsì o, ṣùgbọ́n mo yí ṣùkù lára abọ́ tútù, mo sun ún, mo wá kùn ún. Gíléèsì wọnú àwọn ihò kéékèèké náà, ó ṣú níbẹ̀, ó mọ́lẹ̀ lórí èyí tó yọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ti dín kù gan-an.

Ìgbà mẹ́ta ni mo ń kùn: ẹ̀ẹ̀kan ní òòró, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbú, ẹ̀ẹ̀kan sí i ní òòró. Mo máa ń dúró kí omi ojú rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ.

Ẹ yọ búrọ́ọ̀ṣì kan sọ́tọ̀ fún cobalt, èròjà tí a fi ń fún gíléèsì láwọ̀, torí bó ti wù kó kéré tó, á sọ gíléèsì funfun di búlúù. Ẹ sì ṣọ́ irin tó di irun mú. Bó bá dípẹtà, ìpẹtà náà á bọ́ sínú gíléèsì, á sì yọ lára àwo bí àmì pupa rúsúrúsú. Kútẹ́ẹ̀sì ni mo fi ń kun etí irin náà kí omi má baà ráyè wọlé. Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán, mo á so wọ́n rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí irun wọn dojú kọ ilẹ̀.